Orúnkún Rẹ Òsì, àti Ọ̀nà Ilẹ̀ Ẹfun Dé Etí Òkun

Lotto, Mowe.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Ìbídùn mi, Àyọ̀ká, ọmọ tí mo pọ̀n títí tí kò wúwo lẹ́yìn mi,

Mo mọ̀ pé bí Ìyá Ìfẹ́ tí mo fi rán bá na ìwé yìí sí ẹ, wàá kọ́kọ́ fọwọ́ wọn bó ṣe nípọn tó, wàá wá ní, "Ṣé Màámi ló kọ gbogbo èyí?" Èmi ni. O mọ̀ mí lórí fóònù: bí mo bá ti bi ẹ́ pé ṣé o ti jẹun, ọ̀rọ̀ mi ti tán. Ìwọ náà á ní o ti jẹun, tìẹ náà á tán. Bàbá rẹ a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ìyá àti ọmọ yìí bá pe ara wọn, dídákẹ́ ni wọ́n ń ra káàdì fún. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ọwọ́ mi máa ń sọ̀rọ̀ ju ẹnu mi lọ. Jókòó, na ẹsẹ̀ rẹ, kí o kà á tán kí o tó dìde.

Nígbà tí o wá sílé ní Sátidé àná yìí, o kúnlẹ̀ níwájú mi nínú ṣọ́ọ̀bù, o ní, "Màámi, wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ o. Èmi ni màá máa ṣíwájú àwọn àlejò tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti ilẹ̀ òkúta ẹfun lọ sí etí òkun. Ẹ súre fún mi." Mo ní, "Ó dáa," mo sì yíjú padà sí máṣíìnì mi. Mo rí ojú rẹ. O rò pé inú mi ò dùn sí iṣẹ́ náà. O lọ bá bàbá rẹ, ó súre fún ẹ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀, o sì padà sí Ìfọ̀ láìgba tèmi.

Ọmọ mi, inú mi dùn. Iṣẹ́ kọ́ ló pa mí lẹ́nu mọ́. Orúnkún rẹ òsì ni.

Mo rí ẹ nígbà tí o ń gun àtẹ̀gùn ilé wa. Ẹsẹ̀ ọ̀tún lo ń kọ́kọ́ gbé ní gbogbo ìgbà, o wá ń fa tòsì tẹ̀lé e, ọwọ́ rẹ sì wà lára ògiri. Nígbà tí o kúnlẹ̀ fún mi, orúnkún ọ̀tún ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, o dúró díẹ̀, o wá sọ tòsì kalẹ̀ bí ẹni ń gbé ẹyin sílẹ̀, o di eyín. Nígbà tí o ń jẹun, o na ẹsẹ̀ náà sábẹ́ tábìlì. O rò pé ẹnikẹ́ni ò rí i. Ìbídùn, aránṣọ ni mí. Bí èjìká oníbàárà mi kan bá fi ìbú ìka kan ṣoṣo ga ju èkejì lọ, mo ti máa ń rí i kó tó jókòó.

Ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá kí o kó èèyàn mẹ́fà sẹ́yìn, láti ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta lẹ́yìn Papalanto títí dé Àgbádárìgì, ọjọ́ méjì gbáko lórí kẹ̀kẹ́. Nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà. Ẹsẹ̀ rẹ ni wọ́n máa wò láti mọ bí wọn yóò ṣe lọ. Àǹtí Yẹ́misí, ọ̀gá rẹ, ò sì mọ̀ pé orúnkún ń dùn ẹ́. O ò sọ fún un, torí ẹ̀rù ń bà ẹ́ pé yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, sọ pé mo parọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ fún kò ju ẹyọ kan lọ: sọ fún un. Ìyókù ìwé yìí, ìdí tí mo fi ní ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀ ni.

O mọ̀ pé Ìfọ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ohun tí o ò mọ̀ ni pé mo ti gun ọ̀nà tí o fẹ́ gùn yẹn rí. Torí pé mi ò gùn ún tán ni mi ò ṣe sọ ọ́ rí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì nígbà náà, èmi àti Àǹtí Ṣadé rẹ tó wà ní Asese, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. À ń dúró de èsì ìdánwò, kò sí ohun tí à ń ṣe ju ká máa pọn omi ká máa ṣa ìrẹsì lọ. Ní ọjọ́ kan Ṣadé gbé àtẹ ìrẹsì sílẹ̀, ó ní, "Ṣé a máa dàgbà nílùú yìí láìrí òkun ni?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà nílé ọkọ ní Àgbádárìgì. Ó ní ká wá kẹ̀kẹ́ méjì, ká kọ́kọ́ lọ wo ilẹ̀ ẹfun níbi tí ilẹ̀ ti funfun, ká wá ṣẹ́rí sí Ìlaròó, ká gba Owódé, ká gba Adó-Odò, ká máa sọ̀ kalẹ̀ títí omi á fi dí wa lọ́nà. A sọ fún ìyá mi pé bọ́ọ̀sì la máa wọ̀. Irọ́ kìíní nìyẹn, mi ò fẹ́ fò ó.

Lọ́dọ̀ Bàbá Ráṣìdì tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá rélùwéè la ti yá kẹ̀kẹ́. Bàbá yìí ní àṣà kan. Kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé kẹ̀kẹ́ rin ọ̀nà jíjìn kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀ láìṣe ohun tó ń pè ní ìjẹ́wọ́. Gbogbo ẹni tó bá jọ ń lọ á dúró ti kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n á gbé ọwọ́ lé ìjókòó rẹ̀, oníkálukú á sọ ohun tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti ohun tó ń ṣe ara rẹ̀, kí gbogbo wọn gbọ́. Ó máa ń ní, "Kẹ̀kẹ́ kì í purọ́. Bí nǹkan bá ń ṣe é, á ké. Ẹni tó jókòó lé e lórí ni òpùrọ́."

Lọ́jọ́ náà, bàbá kan tó ń gbé adìyẹ lọ sọ́jà ló wà níwájú wa. Ó gbé ọwọ́ lé ìjókòó, ó ní, "Ní tèmi o, Bàbá Ráṣìdì, ìyàwó mi ló ń dùn mí."

"Ìyẹn kọjá ohun tí sípánà lè tú. Gbé e lọ bá àwọn àna rẹ."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, adìyẹ pàápàá ń ké. Ló bá kan Ṣadé. Ṣadé ní, "Kò sí o, Bàbá. Ara mi le bí irin."

Ìbídùn, láti kékeré ni Ṣadé ti ní ikọ́ fée. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ láti so bàtà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo gbọ́ fèrè tín-ín-rín kan láyà rẹ̀, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń jò lára táyà tí èèyàn ò rí ojú ihò rẹ̀. Mo gbọ́ ọ kedere. Bàbá Ráṣìdì kọjú sí mi. Ó ní, "Ìwọ tí o kì í sọ̀rọ̀, ojú rẹ ni mo máa ń wò. Kí lo rí?"

Ó bi mí o. Kì í ṣe pé kò bi mí.

Mo ní, "Mi ò rí nǹkan kan, sà."

Mo ti ro ìdáhùn yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á dá Ṣadé padà sílé, ìrìn àjò wa á sì bàjẹ́. Mo mọ̀ pé yóò bínú sí mi. Mo sì tún ní àwáwí kan tí àwa tí a kì í sọ̀rọ̀ máa ń ní: mo ní kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kó ti jáde, ṣebí òun ló ni àyà rẹ̀. A máa ń pe ìyẹn ní ìwà pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe ìwà pẹ̀lẹ́. Ojo ni.

A lọ. Màá sọ òótọ́ fún ẹ, ọ̀nà náà dùn débi pé mo gbàgbé. Wàá rí i fúnra rẹ: bí o bá kọjá Papalanto, eruku funfun á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé ewé lẹ́bàá títì, igbó á dà bí ìyàwó tí wọ́n fi pàùdà kun lójú. Ibì kan wà tí wọ́n ti wa òkúta kúrò látijọ́ tí wọ́n sì fi sílẹ̀, òjò ti kún inú rẹ̀, omi náà sì ní àwọ̀ ewé bí ìgò. A dúró létí rẹ̀, a ju òkúta sí i, a ń ka iye ìgbà tí ìró rẹ̀ fi padà wá. Lẹ́yìn náà la ṣẹ́rí padà, a yà sí ọ̀nà Ìlaròó. Èmi ni mo wà níwájú. Mo fúyẹ́, mo ń sáré, aṣọ mi ń fẹ́ bí àsíá. Ọkọ̀ tó ń kó òkúta ń kọjá, eruku ń gbé. Ìgbàkígbà tí mo bá bojú wẹ̀yìn, Ṣadé á gbé ọwọ́ sókè pé òun ń bọ̀. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn ló ń mu eruku gbogbo ẹni tó wà níwájú. Mi ò ro ìyẹn.

Ká tó dé Ìlaròó la bá odò kékeré kan. A ti funfun láti orí dé ẹsẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà ti funfun. Bàbá Ráṣìdì ti kìlọ̀ fún wa pé ká gbọn ẹfun dànù ni, ká fi ìgbálẹ̀ gbá a, ká fi àkísà gbígbẹ nù ún, ká má fi omi kàn án. A rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni. Ta ló ń fi ìgbálẹ̀ gbá kẹ̀kẹ́? A bu omi, a fọ kẹ̀kẹ́ méjèèjì bí ẹni ń wẹ ọmọ. Eruku náà di ògì. Ó wọ inú ṣéènì, ó wọ ibi tí bíréèkì ti ń di táyà mú. Oòrùn ràn sí i, ó gan. Nígbà tí a máa fi gùn ún padà, táyà ò yí mọ́, ṣéènì ń ké bí ọmọ ológbò. Ṣadé ní, "Ìjẹ́wọ́ rẹ̀ ló ń ṣe yẹn." A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn lọ́jọ́ náà nìyẹn.

A bẹ̀rẹ̀ sí í ti kẹ̀kẹ́ gun òkè. Kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ ò yí, ó wúwo ju ẹni tó ń tì í lọ. Ní ìdajì òkè náà, mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ Ṣadé mọ́. Mo bojú wẹ̀yìn. Ó ti jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè ń bọ̀ nísàlẹ̀, ètè rẹ̀ ò ní àwọ̀ ètè mọ́. Oògùn tó máa ń fà sẹ́nu, ó ti fi sílẹ̀ nílé kí ìyá rẹ̀ má baà rí i nínú báàgì kó fura pé kì í ṣe bọ́ọ̀sì la fẹ́ wọ̀. Mo ké. Èmi, Ìbídùn. Mi ò ké bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì tíì ké bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ ló gbọ́ mi, wọ́n gbé wa sórí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sáré gbé wa dé ilé ìwòsàn ní Ìlaròó.

Ó yè. O mọ̀ pé ó yè, o ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ mọ́ínmọ́ín rẹ̀ lóṣù tó kọjá ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó yíjú sí mi lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn.

"O gbọ́ ọ láàárọ̀, àbí o ò gbọ́?"

"Mo gbọ́ ọ."

"O wá dákẹ́."

Èyí tó burú jù ò tíì dé. Nígbà tí ìyá rẹ̀, Ìyá Àgbà rẹ tó wà ní Ìfọ̀, sáré dé, ó dì mọ́ mi níwájú gbogbo nọ́ọ̀sì, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́ pé mo gba ọmọ òun là. Ó ní bí kì í bá ṣe igbe tí mo ké ni. Mo gba ọpẹ́ náà. Mo dúró gbọn-in, mo ní, "Kò tọ́pẹ́, mà." Ṣadé ń wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì, kò sì tú àṣírí mi. Ó pẹ́ kí èmi àti ẹ̀ tó tún jọ rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí mo lóyún rẹ ni mo tó lọ bá Ìyá Àgbà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń bó. Wọ́n ń bó o lọ. Wọ́n wá ní, "Ó dáa tó o sọ ọ́. Bá mi gbé àtẹ yẹn súnmọ́ bí." Ọdún méjì ni mo fi gbé ohun tí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún láti sọ̀ kalẹ̀.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọ́n máa ń fi òwe yẹn bá ẹni tí ìyà ń jẹ wí. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ ṣíwájú èèyàn: bí o bá dákẹ́, tara àwọn tó tẹ̀lé ẹ náà á bá ẹ dákẹ́.

Mo fẹ́ to ìmọ̀ràn mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí o lè rántí. Bí mo bá ṣi nọ́ńbà kà, fojú fò ó.

Ìkíní. Ṣe ìjẹ́wọ́ ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbéra. Bàbá Ráṣìdì máa ń jẹ́ kí àgbà sọ tirẹ̀ kẹ́yìn. Níbi yìí mi ò gbà pẹ̀lú bàbá. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ sọ tìẹ. Bí aṣíwájú bá ní "kò sí nǹkan kan," ta ni yóò sọ pé ìdí ń ta òun? Ṣùgbọ́n bí o bá ní, "Èmi, orúnkún mi òsì nìyí," ẹnu á yà ẹ́ nígbà tí gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò wọn.

Ìkejì. Ẹni tó lọ́ra jù ni kó wà níwájú, kó máa mu afẹ́fẹ́ tó mọ́. Ìwọ máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn tó lágbára á máa ráhùn lẹ́yìn. Jẹ́ kí wọ́n máa ráhùn. Ẹni tó ń ráhùn ṣì ń mí.

Ìkẹta. Ìgbálẹ̀ kékeré àti àkísà gbígbẹ. Níbi tí ilẹ̀ bá ti funfun, gbọn, má fọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bu omi sí kẹ̀kẹ́, gba ìgò omi lọ́wọ́ rẹ̀ kí o sì ní kó mu ún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé etí òkun, ó yí padà: fi omi kànga fọ gbogbo irin rẹ̀ dáadáa, torí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń jẹ irin láìdún. Ibì kan ń fẹ́ omi, ibì kan ń kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rin ọ̀nà gbọ́dọ̀ mọ ibi tó wà.

Bàbá rẹ ti dé ẹ̀yìn mi báyìí, ó ń yọjú wo ìwé. Ó ní, "Ṣé o sọ fún un pé kó máa jẹun?" Mo ní kó lọ jókòó. Ó ní kí n kọ ọ́ pé òun ló sọ ọ́. Mo ti kọ ọ́. Máa jẹun. Máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́. Ọ̀pẹ òyìnbó wà ní Owódé tí wọ́n ń bó fún èèyàn lórí ìdúró. Sinmi níbẹ̀, lábẹ́ igi, kì í ṣe lórí kẹ̀kẹ́.

Ìkẹrin, àbí ìkarùn-ún. Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ kí àgbàlagbà. Ojú ọ̀nà tí àwọn àlejò rẹ ń pè ní ọ̀nà, iwájú ilé ẹlòmíràn ni. Obìnrin tó ń sá gbaguda lẹ́bàá títì, ilé rẹ̀ lẹ ń gbà kọjá yẹn. Bí o bá kúnlẹ̀ kí i, kódà kó jẹ́ ẹsẹ̀ kan lo lè fi kúnlẹ̀, yóò fi ibi tí omi tó mọ́ wà hàn ẹ́, yóò sì sọ fún ẹ bí afárá tó wà níwájú bá ti já. Bí ẹ bá ti ń súnmọ́ Àgbádárìgì, èdè á yí padà, Ègùn ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Kọ́ ìkíni wọn kí o tó dé ibẹ̀. Ẹni tó bá kí èèyàn lédè ìyá rẹ̀ ti jókòó nílé rẹ̀ ná.

Mo padà rí òkun náà, bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ lọ nígbà tí ẹ̀gbọ́n Ṣadé kó ọmọ jáde. Mo jókòó lẹ́bàá fèrèsé, mo ń ka bí ilẹ̀ ṣe ń yí padà: ó kúrò ní funfun, ó di pupa, ó di dúdú níbi àbàtà tí igi ọ̀pẹ-ògùrọ̀ pọ̀ sí, ó wá di iyanrìn. Inú mi ń dùn, inú mi sì ń bàjẹ́, torí mo mọ̀ pé fèrèsé ń gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Mi ò gbọ́ òórùn ilẹ̀ náà bó ṣe ń yí padà. Ìwọ máa gbọ́ ọ. Ìyẹn ni mo fi ń jowú rẹ, owú tó dùn.

Bí ẹ bá fẹ́ sọdá ọ̀sà lọ sí ibi tí òkun wà gan-an, kí gbogbo yín wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ọlọ́kọ̀ á rẹ́rìn-ín. Á ní, "Ẹ̀yin ará òkè, ẹ̀rù omi ń bà yín." Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá dé etí òkun, ẹ dúró síbi tí omi á ti kan kókósẹ̀, kó tán síbẹ̀. Òkun kì í ṣe odò tí èèyàn ń pọn.

Mi ò mọ nọ́ńbà tí mo kà dé mọ́. Jẹ́ kí n padà síbi orúnkún.

Mi ò ní tàn ẹ́ pé Àǹtí Yẹ́misí ò ní fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè ní kí o sinmi kí o sì mú àwọn míràn lọ bí ó bá sàn. Ó lè ní òun ò ní iṣẹ́ fún ẹ mọ́. Mi ò mọ obìnrin náà. Bí ó bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ, yóò dùn ẹ́, màá sì bá ẹ jókòó tì í, mi ò ní sọ fún ẹ pé kò tó ohun tí à ń sunkún lé lórí. Ṣùgbọ́n mo mọ bí ó ṣe ń rí lára láti wà ní ìdajì òkè pẹ̀lú ẹni tó gbójú lé ẹ, tí o sì mọ̀ pé o ti mọ̀ láti àárọ̀. Mi ò fẹ́ kí o mọ ìyẹn. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ láyé, ẹyọ kan ṣoṣo tí mi ò fẹ́ kí o jogún lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Màá tún jẹ́wọ́ kan. Láti àná, mo ti gbé fóònù lẹ́ẹ̀mejì láti pe ọ̀gá rẹ. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ìwé tí o fi sílẹ̀ fún bàbá rẹ. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ti dún kí n tó pa á. Mi ò ní pè é mọ́. Bí mo bá bá ẹ sọ ọ́, mo ti sọ ẹ́ di ọmọdé lójú rẹ̀, èèyàn mẹ́fà ò sì ní tẹ̀lé ọmọdé dé òkun. Èyí tí ojú mi rí, mo ti sọ fún ẹ. Èyí tó kù, ẹnu rẹ ló ni ín.

Ní Ọjọ́bọ̀, màá ti ṣọ́ọ̀bù, màá sì wá sí Ìfọ̀. A jọ máa lọ fi orúnkún náà han dókítà. Má sọ pé kò pọn dandan. Aṣọ ìyàwó kan wà lórí máṣíìnì mi, mo ti bẹ ìyá ìyàwó, ó sì ti gbà.

Àdúrà tí mi ò gbà fún ẹ lọ́jọ́ Sátidé, gbà á báyìí. Mi ò so ó mọ́ iṣẹ́, mi ò so ó mọ́ orúnkún. Kí ẹsẹ̀ rẹ má gbé ẹ dé ibi tí kò dáa. Kí àwọn tó bá tẹ̀lé ẹ máa fi ẹ̀rín dé ilé wọn. Kí Ọlọ́run fi ojú ìyá fún ẹ, kó sì fún ẹ ní ẹnu tó yá ju ti ìyá lọ. Ọmọ mi, mo gbà pé o lè ṣe iṣẹ́ yìí. Láti ìgbà tí o ti ń rá ni o ti ń bojú wẹ̀yìn wò bóyá mo ń bọ̀.

Bí o bá ka ìwé yìí tán, mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ á lọ sí nọ́ńbà mi. Má pè mí. Ọ̀gá rẹ ni kí o kọ́kọ́ pè. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ tán, ohun yòówù kó sọ, kí o wá pè mí. Màá pa máṣíìnì kí n lè gbọ́ ẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó ń wò ẹ́.